Ọwọ́ Tó Ń Gé Irin Náà Ló Ń Ta Gìtá

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ náà.)

  

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kí á tó jáde lọ sí òde. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa ìbọ̀wọ́ tí ẹ̀rọ ìgérin fà wọlé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ẹni tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin kan ní òpin ọ̀sẹ̀, ti òde àríyá dé ní ìdájí, ó sì wọ iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀. Ẹni tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ náà kò wá. Wọ́n ní kí ọmọ wa bọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀rọ yẹn rí. Ìdérí tó yẹ kó bo ẹnu abẹ náà sì rèé, ó fara ti ògiri. Wọ́n ti tú u kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀rọ fa ìbọ̀wọ́, ọmọ wa fa ọwọ́ yọ. Ìbọ̀wọ́ ló lọ, ọwọ́ ló kù. Ó sọ fún wa pé ohun àkọ́kọ́ tí òun ṣe ni pé òun tẹ ìka òun lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ okùn gìtá, kí òun lè mọ̀ bóyá wọ́n pé. Wọ́n pé. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí á lè dákẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé orin tó ń bá kiri ló fà á, kí ó yáa yan ọ̀kan nínú méjì: iṣẹ́ tàbí gìtá. Àwọn kan nínú àwa náà sì ń mi orí, wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ wa fi ní kí á wá sọ ìtàn àwọn ènìyàn kan tó lé eku méjì fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀nà wọn jìn sí tiwa, orin wọn kò sì jọ orin wa, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ irin.

Orin tí à ń wí yìí, heavy metal ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni irin tó wúwo. Gìtá oníná ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á ta á títí yóò fi máa kùn bí ẹ̀rọ, ìlù á máa rọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń kọrin á sì máa lọgun kí ohùn rẹ̀ lè borí gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ àgbà tó bá gbọ́ ọ yóò ní ariwo lásán ni. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ariwo náà ti wá ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ìlú Birmingham, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ orírun rẹ̀. Ìlú oníṣẹ́ irin ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Black Country, Ilẹ̀ Dúdú, nítorí èédú abẹ́ ilẹ̀ àti èéfín àwọn ilé ìyọ́rin. Láyé ọdún 1960 sí 1970, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ tálákà tó bá sì fi í sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà fákítórì ló ń gbà: níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bóòtù àti nọ́ọ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń lu irin pẹlẹbẹ. Ohùn tí ọmọ náà ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni ohùn tí ẹ̀yin náà ń gbọ́. Nígbà tó bá gbé gìtá lálẹ́, ohùn yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Tony Iommi, tí wọ́n bí ní 1948. Ní 1965, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ kan, ó sì ń ta gìtá lálẹ́. Ẹgbẹ́ olórin kan ti gbà á, wọ́n fẹ́ lọ ṣeré ní ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí náà ó ti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé òun ń lọ. Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ tí à ń wí yìí. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán nílé, ó ní òun kò padà mọ́. Ìyá rẹ̀ ní rárá, kí ó padà lọ parí iṣẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọlúwàbí. Ọmọ gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu, ó padà. Ẹni tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ kan kò wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí Tony bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò lò rí ni. Ẹ̀rọ náà já lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì gé orí ìka àárín àti orí ìka òrùka rẹ̀.

Ẹ tún un gbọ́, ẹ̀yin ará. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò wá. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Kò lò ó rí. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ló wà láàrín ìtàn Tony àti ìtàn ìbọ̀wọ́ tiwa, òkun sì wà láàrín, ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé gìtá ló gé ọmọ náà níka. Ẹ̀rọ ló gé e, ẹni tó ní kí ó lọ síbẹ̀ láìkọ́ ọ ló sì fi í fún ẹ̀rọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Tony, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ okùn gìtá. Àwọn ìka tó fẹ́ fi jẹun lọ́la gan-an ni ẹ̀rọ gé. Àwọn dókítà ní kí ó gbàgbé gìtá. Ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ náà wá kí i, ó mú àwo orin kan dání, ó ní kí ó gbọ́ ọ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán ni ọ̀gá náà tó sọ fún un pé ìka méjì péré ni ẹni tó ń ta gìtá inú àwo náà fi ń ta á. Django Reinhardt ni, ẹni tí iná jó lọ́wọ́ ní 1928. Ọ̀rọ̀ yẹn gbé Tony dìde. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọ-abọ́, ó fi mọ fìlà fún ìka méjèèjì, ó sì lẹ awọ mọ́ ọn lórí kí ó lè máa di okùn mú. Ó wá okùn tín-ínrín tí kò ní máa dùn ún. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn náà wálẹ̀, ohùn gìtá sì wúwo ju bí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ rí lọ. Ohùn wíwúwo yẹn ni ogunlọ́gọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń lò káàkiri ayé títí di òní.

Ní 1968 ni òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì wá ń jẹ́ Black Sabbath. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Ozzy Osbourne, tó ń kọrin, ti ṣe lébìrà níbi ilé kíkọ́, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ fèrè ọkọ̀ wò: kí ó máa gbọ́ fèrè kan tẹ̀lé òmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó sì máa tún ohùn wọn ṣe. Iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní fákítórì, ìyá rẹ̀ náà sì jẹ́ òṣìṣẹ́ fákítórì. Geezer Butler wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ìṣirò owó. Nígbà tí wọ́n rí àyè ṣe àwo orin àkọ́kọ́, ní October 1969, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde ní February 1970. Ẹni tó mọ iye tí wákàtí kan ń náni kì í fi wákàtí ṣòfò.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di olówó, iṣẹ́ fákítórì sì di ìtàn fún wọn. Ní July 5, 2025, wọ́n padà sí Aston, àdúgbò tí wọ́n ti dàgbà, wọ́n ṣeré ìdágbére ní pápá ìṣeré Villa Park, owó rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàánú. Kò ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ozzy fi dágbére fáyé.

Ẹgbẹ́ olórin kejì tó ti agbègbè yẹn wá ni Judas Priest. Glenn Tipton tó ń ta gìtá níbẹ̀ ti jẹ́ òṣìṣẹ́ British Steel, ilé-iṣẹ́ irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní nígbà náà. Rob Halford tó ń kọrin dàgbà ní Walsall, láàrín ariwo àwọn ilé ìyọ́rin; kí orin tó bọ́ sí i fún un, ó ṣiṣẹ́ iná ní ilé eré, ó sì ṣe alábòójútó ilé ìtajà aṣọ ọkùnrin. Ní 1980, wọ́n gbé àwo orin kan jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní British Steel. Ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún yẹn dáadáa. Ní January 2, 1980, àwọn òṣìṣẹ́ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, kò sì sí irú rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 1926. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni wọ́n fi yan iṣẹ́ lódì kí wọ́n tó padà ní April. Oṣù April yẹn náà ni àwo orin náà jáde. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orin àwọn ọmọ tí kò rí nǹkan ṣe ni, ẹ sọ fún un pé láti ẹnu ọ̀nà fákítórì ló ti jáde.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí a ti dárúkọ wọ̀nyí rí ọ̀nà jáde. Díẹ̀ ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ irú orin yìí kò fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ rárá, àwọn ni ọ̀rọ̀ wa òní sì kàn jù.

Ẹ wo Anvil, ẹgbẹ́ olórin kan láti Toronto ní Kánádà. Ní 1984, wọ́n ṣeré ní Japan lórí pèpéle kan náà pẹ̀lú àwọn tó di olókìkí lẹ́yìn náà. Òkìkí yà lọ́dọ̀ ti àwọn yẹn, kò yà lọ́dọ̀ tiwọn. Steve Kudlow tó ń kọrin níbẹ̀ ń fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, Robb Reiner tó ń lu ìlù ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́, wọ́n sì ń bá orin lọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ní 2008 ni sinimá kan tó sọ ìtàn wọn jáde, ìgbà náà ni ayé tó tún gbọ́ orúkọ wọn.

Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ẹni tí wọ́n ń pè ní Fenriz, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ni ẹgbẹ́ Darkthrone, ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó oṣù ló ń jẹ, nítorí náà kò sí oníṣòwò tó lè sọ fún un irú orin tí yóò kọ. Àwọn ará ìlú rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n dìbò yàn án ní igbákejì aṣojú sí ìgbìmọ̀ ìlú, ìròyìn rẹ̀ sì tàn ká ayé ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dìbò fún òun!

Steve Von Till, ti ẹgbẹ́ Neurosis ní Amẹ́ríkà, ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bruce Dickinson, tó ń kọrin fún Iron Maiden, kò ní ìṣòro owó mọ́, síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, ó sì fi ọdún púpọ̀ wa ọkọ̀ akérò fún ilé-iṣẹ́ kan títí di 2011. Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ní Botswana, ẹni tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ Overthrust ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ẹ fi etí sílẹ̀ sí ìtàn Tom Araya, tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ Slayer ní California. Iṣẹ́ ilé-ìwòsàn ló kọ́, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí èémí kò já gaara fún. Ní 1983, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣe àwo orin àkọ́kọ́, owó tó tù jọ nínú owó oṣù rẹ̀, àti owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ bàbá ẹnìkejì rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ òòjọ́ ló bí àwo orin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè wọ́n sí Yúróòpù, tó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò fún un. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa, nítorí orúkọ wọn kárí ayé. Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀yin láti bi ara yín pé: ẹni mélòó ni wọ́n kọ̀ fún bẹ́ẹ̀, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí orin kò sì gbà á?

Ẹnìkan yóò béèrè pé: èwo ni ti iṣẹ́ òòjọ́ mọ́, nígbà tí wọ́n ń ta àwo orin, tí àwọn ènìyàn sì ń sanwó wọlé? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹni márùn-ún wà nínú ẹgbẹ́ olórin. Onílé eré fún wọn lówó. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti epo. Ẹ yọ ti aṣojú tó bá wọn wá òde. Ẹ yọ ti ẹni tó ń ṣètò ohùn. Ẹ yọ ibi tí wọ́n sùn àti ohun tí wọ́n jẹ. Ẹ wá pín èyí tó kù sọ́nà márùn-ún. Owó tí ilé-iṣẹ́ aláwo ń fún wọn ṣáájú kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè ni, nínú èrè àwo ni wọn yóò ti kọ́kọ́ yọ ọ́ kí olórin tó fojú kan kọ́bọ̀. Lóde òní tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò kí wọ́n ra àwo, owó tó ń bọ́ sọ́wọ́ olórin lórí gbígbọ́ kan kò tó kọ́bọ̀ kan nínú owó Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2021 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde tán nínú àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àwọn olórin wọn kò tún lè kọjá lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fàlàlà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé àṣẹ ń gba owó, ó sì ń gba ọjọ́. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀-ọ́n-kọ ló ń mú kí olórin máa ta kóró sí fákítórì?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìwà Òyìnbó lèyí. Nílé níhìn-ín, I. K. Dairo ti ṣe onígbàjámọ̀, ó ti ta aṣọ, ó ti ṣe lébìrà, kí orúkọ rẹ̀ tó kárí. Ọmọ ogun ni Síkírù Àyìndé Barrister kó tó di pé fújì nìkan ló ń ṣe. Àyìnlá Ọmọwúrà, ilé àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́. Bí a bá sì lọ sẹ́yìn ju ìyẹn lọ, àwọn tó ni ìjálá, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n á ṣọdẹ, wọ́n á sun ìjálá. Kò sí ẹni tó sọ fún ọdẹ pé kí ó yan ọ̀kan. Ọmọ Ògún ni gbogbo àwa tó ń fọwọ́ kan irin, orin sì ti wà nínú ilé Ògún kí fákítórì tó dé.

Nísinsìnyí, a ó sọ òótọ́ fún ara wa, nítorí ilé tí a kì í ti í sọ òótọ́, ilé ọ̀tá ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń mi orí, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe asán. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn kò sùn. Ẹni tó ti òde àríyá bọ́ sídìí abẹ ń fi ara rẹ̀ wewu, ó sì ń fi ẹnìkejì rẹ̀ wewu. A ti pe ọmọ wa, a ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀, kò sì jiyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin tí ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ tiwa: bí òde bá máa di ìdájí, ẹ pààrọ̀ ṣíìfù ṣáájú. Bí kò bá ṣeé pààrọ̀, ẹ jẹ́ kí òde náà lọ. Gìtá yóò dúró dè yín. Ìka tó bá gé kò ní hù padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, báwo ni ọmọ náà yóò ṣe pààrọ̀ ṣíìfù, nígbà tí kò sí ìwé tí a ń kọ ọ́ sí, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ? Bó bá tilẹ̀ sùn fún wákàtí mẹ́wàá, ìdérí ẹ̀rọ kò ní ti ògiri rìn padà sẹ́nu abẹ. Àárẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi kékeré, ẹ̀rọ tí kò ní ìdérí jẹ́ ẹ̀bi ńlá. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn sọ ẹ̀bi kékeré di ńlá, ó sì fi ńlá pamọ́.

Òfin wà. Òfin Fákítórì ilẹ̀ wa sọ pé gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ààbò. Ó tún sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe àfi bí wọ́n bá ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ tó, tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mójú tó o. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò NSITF, kí ó má sì yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Òfin Iṣẹ́ ní kí ẹni tó bá ti pé oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ gba ìsinmi olówó, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́fà kéré. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ìtàn rẹ̀, òfin ti 1998 fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí mọ́kànlá ìsinmi láàrín iṣẹ́ òní àti iṣẹ́ ọ̀la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà fi àwọn ibì kan sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ìyẹn ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin wọn pàápàá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn láti 1893, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń dá ta gìtá kò lè dá bá onílé eré dúnàádúrà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ wa ń gbé síwájú yín, kí ẹ dìbò lé wọn lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èkíní, kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n fa ìwé ìkìlọ̀ yẹn ya, kí wọ́n sì dá ìdérí padà sára ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Láti òní lọ, bí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa bọ́ sídìí ẹ̀rọ tí kò kọ́, kí ó sọ pé òun kò kọ́ ọ, kí ó pe aṣojú ẹgbẹ́, kí gbogbo ẹ̀ka sì dúró tì í.

Èkejì, kí ìwé ìpààrọ̀ ṣíìfù wà ní ọ́fíìsì, níbi tí olùdarí iṣẹ́ àti aṣojú ẹgbẹ́ yóò ti máa fọwọ́ sí i. Kì í ṣe olórin nìkan ni yóò wúlò fún. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́ wà nínú wa, ìyá tó ní ọmọ tó ń ṣàìsàn wà nínú wa, ẹni tó lóko sí abúlé wà nínú wa.

Ẹ̀kẹta, kí a béèrè fún ìsinmi ọdọọdún tó ju ti òfin lọ nígbà tí a bá tún jókòó dúnàádúrà, kí òṣìṣẹ́ sì lè gbà á ní ìgbà tó wù ú, bó bá ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, wákàtí mẹ́jọ ni a ń tà fún wọn. A kò ta èyí tó kù. Ohun tí ènìyàn bá fi í ṣe, ìbáà jẹ́ gìtá, ìbáà jẹ́ oko, ìbáà jẹ́ àdúrà, tirẹ̀ ni. Tony Iommi wá ike àti awọ, ó fi tún ìka rẹ̀ ṣe, ayé sì yìn ín. Àwa náà yìn ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò rí ike yọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa láti máa yin ẹni tí ẹ̀rọ ti gé. Iṣẹ́ wa ni pé kí ìka pé títí aago ìjáde yóò fi lù, kí olúkúlùkù lè gbé e lọ sílé, kí ó sì fi ṣe ohun tó wù ú.

Ọmọ wa wà ní ìjókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń jáde. Ìka mẹ́wàá ni. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó mọ̀ bóyá a fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ mẹ́wàá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.